Ṣọ́ọ̀bù Lẹ́sìn Àǹtí, àti Ọ́fíìsì Méjì Tó Pè É Ní Orúkọ Méjì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Kejì ọdún 2023 ni lẹ́tà káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, dé nípa ṣọ́ọ̀bù tí Àǹtí ti ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn ní London. Àǹtí fi í sábẹ́ Bíbélì fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó pè mí. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, wá bá mi ka ìwé yìí. Mo ti kà á tán, kò yé mi, àyà mi sì ń já." Wọ́n mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà ní ọ́fíìsì kan ní gúúsù ìlà-oòrùn London, níbi tí a ti ń bá èèyàn kọ ìwé sí káńsù bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ yí ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe padà. Wọ́n fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti yọ orúkọ wọn, ti àdúgbò àti ti káńsù kúrò. Òfin England ni gbogbo ohun tí mo máa sọ. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn.

Kì í ṣe Àǹtí nìkan. Mo ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ẹni mẹ́rin báyìí. Ẹni tó ti ṣe tíṣà nílé dé ìlú yìí, ó rí i pé àwọn òbí ń sáré kiri torí ilé ìwé ń jáde ní aago 3 nígbà tí ibi iṣẹ́ kì í jáde títí di aago 6. Ó bá wọn mú ọmọ kan, ó mú méjì, ó di mẹ́wàá. Ó wá gba ṣọ́ọ̀bù. Kò sí èrò burúkú kankan nínú ẹ̀.

Ọdún 14 ni Àǹtí fi kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn. Níbẹ̀, bí ilé ìwé bá ti parí, tíṣà á gbé bọ́ọ̀dù sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́sìn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé wo lèèyàn fẹ́ gbà fún un? Lọ́kàn yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ wọn ní London ní 2019 pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Nígbà tó máa fi di 2022, ọmọ ti di 11, aládùúgbò sì ti ń fi ojú sọ̀rọ̀ nítorí ọkọ̀ tó ń dúró níwájú ilé lálaalẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe tẹ́lẹ̀, àdéhùn ọdún 5, £1,350 lóṣù. Lánlọ́ọ̀dù sọ fún wọn pé, "Class E ni, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣe." (Class E ni kíláàsì tí òfin káńsù kó ṣọ́ọ̀bù àti irú wọn sí, mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.) Wọ́n kọ "Tuition Centre: Maths & English" gàdàgbà sí iwájú ẹ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà kò ju ìbéèrè lọ. Kí ni ẹ ń fi ilé yìí ṣe? Láti ìgbà wo? Ọmọ mélòó? Aago mélòó sí aago mélòó? Ọjọ́ 21 ni òfin fún èèyàn láti fi dáhùn. Àmọ́ ìbéèrè ọlọ́pàá ni kí ẹ kà á sí: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ dáhùn ti dẹ́ṣẹ̀, àní bí ohun tó ń fi ilé ṣe kò bá tilẹ̀ lòdì sí òfin.

Mi ò kọ nǹkan kan ní ọjọ́ náà. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ ná. Ọjọ́rú ni mo lọ, mo jókòó sí igun kan láti aago 3, mo ń kọ àkókò sílẹ̀.

Aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 20, Àǹtí àti ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kó àwọn ọmọ dé láti ilé ìwé méjì tó wà nítòsí. Ọmọ 19 ni mo kà. Méje nínú wọn kò tíì pé ọdún 8, ọ̀kan nínú àwọn méje náà jẹ́ ọmọ ọdún 4 tó wà ní Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé ìwé. Kúlà oúnjẹ wà lórí tábìlì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò, gbogbo wọn jẹun. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 kan tó ń múra fún ìdánwò 11-plus, èyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan fi ń yan ọmọ, kò tilẹ̀ jẹun tán tó fi ṣí ìwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tó fi ń bá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà jà, tí Àǹtí ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀ léraléra. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí. Tíṣà gidi ni.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún 6 kan wà níbẹ̀ náà. Ó jẹun tán ní aago 4 ku ìṣẹ́jú 5. Ó kàwé fún ìṣẹ́jú 25. Ó fi Lego kọ́ ilé. Nígbà tó di aago 5 kọjá, ó rọra lọ sùn sórí òkìtì kóòtù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bàtà ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 25 ni ìyá ẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ọmọ yẹn lo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 5 ní ṣọ́ọ̀bù náà, ìṣẹ́jú 25 péré ló sì jẹ́ lẹ́sìn. Ní ti ọmọ yẹn, ìtọ́jú ló pọn ẹ̀kọ́ sẹ́yìn. Ní ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 10, ẹ̀kọ́ ló pọn ìtọ́jú. Yàrá kan náà, tábìlì kan náà.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ọ́fíìsì méjì tí kò mọ ara wọn ló ní ọ̀rọ̀ sọ nípa yàrá yẹn.

Èkínní ni káńsù, tó ń bójú tó ohun tí a ń fi ilé àti ilẹ̀ ṣe. Ní England, òfin 1987 kan pín ìlò ilé sí kíláàsì kíláàsì. Bí o bá kúrò nínú ìlò kan bọ́ sí òmíràn nínú kíláàsì kan náà, o kò nílò àṣẹ. Bí o bá fò láti kíláàsì kan sí òmíràn, o sábà máa nílò ẹ̀. Kí ọdún 2020 tó dé, kíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní D1, inú ẹ̀ ni wọ́n kó ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtọ́jú ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ilé ìwòsàn kékeré àti ilé ìkàwé sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n tú agbo náà ká. Ilé ìtọ́jú ọmọ àti ilé ìwòsàn bọ́ sí kíláàsì E tuntun, níbi tí ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì àti jíìmù wà. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn bọ́ sí kíláàsì F1.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀. Ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú ọmọ jòjòló kò nílò àṣẹ káńsù fún ìyípadà yẹn, E sí E ni. Ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ máa kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílò àṣẹ, nítorí láti E sí F1 ni. Òótọ́ ni lánlọ́ọ̀dù sọ pé Class E ni ilé ẹ̀. "Ohun tó bá wù yín" ni kì í ṣe òótọ́.

Èkejì ni Ofsted, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ àti ibi ìtọ́jú ọmọ wò, tí kò bìkítà nípa kíláàsì ilé rárá. Ọmọ ni tiwọn. Lábẹ́ òfin ìtọ́jú ọmọ ti 2006, ẹni tó bá ń gba owó láti mójú tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ lóòjọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìwé orúkọ méjì ló wà. Early Years Register wà fún ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bí i títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ tó tẹ̀lé ìgbà tó pé ọdún 5. Lẹ́yìn ìyẹn ó bọ́ sí Childcare Register títí tó fi máa pé ọdún 8. Láti ọdún 8 lọ, kò sí dandan, àmọ́ èèyàn lè fínnúfíndọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Àyọkúrò wà, òun sì ni gbogbo àwọn tó ń ṣe lẹ́sìn máa ń gbá mú. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 3, tí ohun tí o ń ṣe kò sì ju méjì lọ nínú márùn-ún yìí, o kò ní láti forúkọ sílẹ̀: ẹ̀kọ́ ilé ìwé tàbí iṣẹ́ àṣetiléwá; eré ìdárayá; orin, ijó àti eré orí ìtàgé; iṣẹ́ ọnà; ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, àṣà tàbí èdè. Lábẹ́ èyí tó kẹ́yìn ni ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ilé kéwú ń rìn. Ṣùgbọ́n àyọkúrò náà ní ìdí: ìtọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kàn ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Ọmọ tó jẹun, tó ṣeré, tó sùn lórí kóòtù, tó kàwé fún ìṣẹ́jú 25 kò sí lábẹ́ àyọkúrò yẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá lánlọ́ọ̀dù gba owó ilé wá gba Àǹtí nímọ̀ràn. Ó ní kí wọ́n kọ "nursery" sínú ìwé káńsù, kó di Class E, kí ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí Àǹtí sọ ọ́ fún mi, mo ní ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n wo ó. Bí ẹ bá sọ fún káńsù pé ilé ìtọ́jú ọmọ ni, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ó yẹ kí ẹ ti wà lórí ìwé Ofsted láti oṣù Kẹsàn-án, ṣíṣe é láìforúkọsílẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún Ofsted pé lẹ́sìn nìkan ni, ẹ ti fún káńsù ní ẹ̀rí pé ilé ẹ̀kọ́ ni, ó sì nílò àṣẹ. Ohun tí ẹ bá sọ ní ẹnu ọ̀nà kan á dé ẹnu ọ̀nà kejì.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé irọ́ ni kí n máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an la fi ìdáhùn lé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nírú ipò yìí mọ̀ ni pé orúkọ méjèèjì lè tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Káńsù ń wo gbogbo ilé pọ̀: iṣẹ́ wo ló jọba níbẹ̀? Ọmọ 12 nínú 19 ti pé ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá wá, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ ni, oúnjẹ àti ìtọ́jú àwọn kékeré kàn ń tẹ̀lé e ni. Ofsted ń wo ọmọ kọ̀ọ̀kan: ní ti àwọn méje yìí, ìtọ́jú ọmọ ni. Kò sí ìjà láàárín ìdáhùn méjèèjì. Àwọn tó bá gbìyànjú láti mú ẹyọ kan ṣoṣo dání ni wọ́n ń ṣubú sí àárín.

A fi ìdáhùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejìdínlógún. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà Àǹtí pe àwọn òbí ọmọ méje náà. Títí ìforúkọsílẹ̀ á fi parí, kò sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 tó máa ju wákàtí 2 lọ. Ìyẹn ni pé kí ẹ wá mú wọn kí aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 20 tó lù. Márùn-ún ṣètò ara wọn. Nọ́ọ̀sì yẹn kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan tó ń tún ọ́fíìsì ṣe. Ìyá kejì yìí sọ̀rọ̀ tó dun Àǹtí, ó ní nígbà tí wọ́n ń gba owó òun, wọn ò mọ̀ pé òfin wà. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ìyà àìmọ̀ yẹn kò bọ́ sórí ẹni tó ṣe é nìkan, ó bọ́ sórí ẹni tí kò ní ìyá tàbí àǹtí ní London tó lè bá a mú ọmọ.

Ní oṣù Kẹta a tọrọ àṣẹ ìyípadà ìlò fún ṣọ́ọ̀bù náà, £462 ni owó ẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ òpó iná, aládùúgbò ní ọjọ́ 21 láti sọ tẹnu wọn, ọ̀sẹ̀ 8 sì ni káńsù ní láti dájọ́. Òbí 23 kọ̀wé ti Àǹtí lẹ́yìn. Aládùúgbò méje takò ó. Mo ka lẹ́tà àwọn méje náà tán, kò sí èyí tó kórìíra ọmọ nínú wọn. Ẹni tó ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ó ń sùn lọ́sàn-án. Àjà tó wà láàárín wọn kò nípọn. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń dúró sí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní aago 6. Nítorí ohun méjì yẹn gan-an ni káńsù fi kọ̀, ariwo àti ọkọ̀.

Oṣù mẹ́fà ló wà láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Mo ní kí wọ́n má pè é. Àtiṣe àjà kí ariwo má kọjá máa gba owó tí wọn kò ní, kò sì sí ohun tó máa yí ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì padà. Lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n kàn dákẹ́, pé bí ọdún 10 bá kọjá, káńsù ò lè fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ọdún 10 yẹn wà lóòótọ́ nínú òfin. Ṣùgbọ́n káńsù ti ní fáìlì wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n lo oṣù márùn-ún péré níbẹ̀, báwo lẹnìkan ṣe fẹ́ sá pamọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù méje tó kù?

Àǹtí fúnra wọn ló ronú kan gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mi ò bá ti sọ ọ́ ṣáájú wọn, ojú tì mí díẹ̀, torí ó wà níbẹ̀ kedere: ilé ìjọsìn wà ní F1, ilé ẹ̀kọ́ wà ní F1. Láti ṣọ́ọ̀ṣì sí lẹ́sìn, kò sí àṣẹ tuntun láti tọrọ.

Àmọ́ ó di dandan kí a mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀ṣì náà fúnra ẹ̀ ní àṣẹ. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton ṣe ní 2013 ka 240 ìjọ aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan, àwọn ìjọ wa sì pọ̀ tó wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ilé ìkẹ́rù tàbí ilé iṣẹ́. Bí ìjọ bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, kíláàsì ilé ìkẹ́rù ló ṣì wà, ẹni tó bá gbé lẹ́sìn lọ síbẹ̀ ti bọ́ sínú gbèsè ẹlòmíràn. Mo lọ wá ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì náà jáde nínú àkọsílẹ̀ káńsù, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Àṣẹ wà, D1 ni wọ́n fún wọn láyé ọjọ́un. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ ọn ni pé kí ariwo dákẹ́ ní aago 9 alẹ́. Wọn kò kọ ọ́ pé ìjọsìn nìkan. A san £231 kí káńsù fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ohun tí a fẹ́ ṣe bófin mu, a sì kọ gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀ pátá, títí kan àwọn ọmọ kékeré. Wọ́n fún wa. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì gba ọkọ̀ mẹ́sàn-án.

Ní ti Ofsted, Àǹtí pinnu pé àwọn ò ní gba ọmọ Reception mọ́. Ìpinnu yẹn le, ọmọ ọdún 4 yẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń fa Early Years Register wọlé, pẹ̀lú òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀kọ́, òṣìṣẹ́ àti ààyè, títí dórí ìwọ̀n ilẹ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní. Childcare Register fúyẹ́ jù ú lọ: àyẹ̀wò DBS (láti mọ̀ bóyá èèyàn ti dẹ́ṣẹ̀ rí), ìnṣọ́ránsì, ìlànà ìdáàbòbò ọmọ tí a kọ sílẹ̀, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọmọ, ẹni tó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì.

Àǹtí lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì náà, wákàtí 12, Àbámẹ́ta méjì. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n padà dé láti èkejì. Wọ́n na ìka méjì sí mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì, wọ́n ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ọmọ ọwọ́ tí kò mí mọ́. Wọ́n wá fi ọmọ ọdún 6 tí oúnjẹ há lọ́fun hàn mí. "Ọdún 14 ni mo fi kọ́ ọmọ, àbúrò mi. Mo ń fún wọn ní dòdò lójoojúmọ́. Mi ò mọ èyí." Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn wọn kò tún pe ìwé náà ní wàhálà mọ́.

Ohun kan ń dùn mí nínú gbogbo ẹ̀. Ọ́fíìsì kan béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀, èkejì béèrè ọ̀rọ̀ ààbò, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá Àǹtí mọ ìṣirò kọ́. Ní England, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara ẹ̀ ní tíṣà lẹ́sìn fún ọmọ ọdún 9, láìní ìwé kankan. Ìlànà ààbò tí ìjọba gbé jáde fún irú ibi bẹ́ẹ̀ ní 2020 jẹ́ ìmọ̀ràn, kì í ṣe òfin. Òbí fúnra ẹ̀ ló máa wá a wò.

Oṣù Kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ parí. Nọ́ọ̀sì náà dá ọmọ ẹ̀ padà, torí ní báyìí tí Àǹtí wà lórí ìwé, ó lè fi Tax-Free Childcare san owó ìtọ́jú ọmọ: bó bá fi £8 sílẹ̀, ìjọba á fi £2 kún un, títí dé £2,000 lọ́dún fún ọmọ kan. Ẹni tó wà lórí Universal Credit, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó, lè gba tó 85% owó ìtọ́jú ọmọ padà. Ìyá tó ń tún ọ́fíìsì ṣe kò padà wá.

Oṣù márùn-ún gbáko ni Àǹtí fi san owó ṣọ́ọ̀bù òfìfo kí ẹnìkan tó fẹ́ ṣe irun gba àdéhùn náà lọ́wọ́ wọn. £6,750.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹnìkan tún pè mí, ọmọ Abẹ́òkúta, ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù wà níwájú ẹ̀, lánlọ́ọ̀dù fẹ́ kó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bi í pé, "Ọmọ tó kéré jù lọ́dọ̀ yín, aago mélòó ló ń dé, aago mélòó ló ń lọ, kí ló sì ń ṣe láàárín méjèèjì?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun á lọ jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òun á sì kọ ọ́ sílẹ̀.